Kín Ni Ọmọ Náà Jí?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ òwe yìí nínú wa. A máa ń pa á bí a bá rí ẹni tó ń fi iṣẹ́ pa ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé a kì í sábà pa á nítorí ọmọdé. Lójú tiwa, bí ọmọ bá ti jẹun, tí ibà kò mú un, tó sì ń lọ sí ilé-ìwé, ìlera rẹ̀ ti pé nìyẹn. Mo fẹ́ kí á jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, ẹ̀bi tèmi ni màá sì fi bẹ̀rẹ̀.

Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí. Ẹ̀lùbọ́ ni mò ń tà ní Ọjà'ba, ilé wa sì wà ní Bẹyẹrunka. Ọmọbìnrin mi kejì jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá. Bó bá ti ilé-ìwé dé, tó jẹun, tó pààrọ̀ aṣọ, ìyá ọkọ mi á ti to ẹ̀kọ sínú igbá dè é. Á gbé e, á kiri gba Bẹẹrẹ, á gun òkè Mápó, á sì sọ̀ wá bá mi ní ìsọ̀. Kí ó tó di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ti máa ń dé.

Ní ọjọ́ kan, aago márùn-ún lù, n kò rí i. Aago mẹ́fà lù, n kò rí i. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọbìnrin mọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún ẹnìkejì mi, mo ti ń gun òkè lọ, kí n tó rí i tó ń bọ̀. Igbá wà ní abẹ́ abíyá rẹ̀. Eruku bò ó dé orúnkún, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Níbo lo wà?” Ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, àwọn ọmọ kan ń sáré ní pápá ilé-ìwé, wọ́n ń múra íńtà-háòsì sílẹ̀. Wọ́n ní kí n wá bá àwọn sá a.” Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí mo fi gbá a létí. Mo gbá a lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní olè ni, mo ní àkókò mi ló jí.

Ọmọ náà sunkún díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú owó tó so mọ́ etí aṣọ rẹ̀, ó nà án sí mi. Ó ní, “Ẹ ka owó yín, Màámi. Mo tà á tán kí n tó lọ sáré. Kín ni mo jí?”

Mo ka owó náà. Ó pé. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé, mo ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́ ló ń dá ìyá rẹ̀ lóhùn. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé n kò ní èsì. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yẹn kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo ti rí nípa rẹ̀ ni mo kó wá fún yín.

ÀWÍJÀRE TÈMI

Kí ẹ má baà rò pé òǹrorò ìyá ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ǹ bá fi gbèjà ara mi lọ́jọ́ náà. Èkíní, àkókò ọmọ, ti òbí rẹ̀ ni. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ ló ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Èkejì, iṣẹ́ kì í pa ọmọ. Ọmọ tó ń gun òkè Mápó lójoojúmọ́ pẹ̀lú igbá lórí, eré ìdárayá wo ló tún kù tí kò ṣe? Ẹsẹ̀ rẹ̀ á le, ọrùn rẹ̀ á le, á sì mú owó wálé. Ẹ̀kẹta, eré a máa ba ọmọ jẹ́. Bó bá mọ eré lónìí, bó bá dàgbà, eré náà ni yóò máa wá kiri.

Ẹ má sì rò pé èmi nìkan ni mo máa ń ronú báyìí. John Wesley, bàbá ìjọ wa, ronú bẹ́ẹ̀. Ní 1748, ó ṣí ilé-ìwé kan ní Kingswood, nítòsí ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Aago mẹ́rin òwúrọ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń jí. Ó sì wà nínú òfin ilé-ìwé náà pé kò gbọdọ̀ sí àkókò eré ní ọjọ́ kankan. Ìdí tó fún un ni pé ọmọ tó bá ń ṣeré ní kékeré yóò máa ṣeré ní àgbà. Kì í ṣe pé Wesley kórìíra ara líle o. Ó ti tẹ ìwé kan jáde ní 1747 lórí ìtọ́jú ara, ó sì gba àwọn ènìyàn níyànjú nínú rẹ̀ pé kí wọ́n máa rìn. Òun fúnra rẹ̀ gun ẹṣin káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì pé ẹni ọdún 87 kó tó sùn ní 1791. Ohun tó fẹ́ ni pé kí àwọn ọmọ máa rìn, kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ nínú ọgbà, kí ara wọn lè le láìṣeré. Àwíjàre tèmi gan-an nìyẹn: iṣẹ́ tó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe parí. Ní 1783, lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì, bàbá wa náà ṣì ń ráhùn nípa ilé-ìwé kan náà. Ó ní kò yẹ kí àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣeré rárá, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Òfin ọdún márùndínlógójì kò lè mú eré kúrò lára ọmọdé. Ẹni ńlá ni Wesley, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo gbà pé ó ṣì í níbi kan yìí. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fúnra rẹ̀ fi sínú ọmọ, a kò lè pè é ní ìwà ìbàjẹ́.

IṢẸ́ KÌ Í ṢE ERÉ

Kín ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó ru igbá gun òkè àti ọmọ tó ń sáré ní pápá? Ẹ wo ọmọ tó ru ẹrù dáadáa. Ọrùn rẹ̀ kò lè yí. Kò gbọdọ̀ fò. Kò gbọdọ̀ ṣubú, nítorí bó bá ṣubú, ìyà ló ń dúró dè é nílé. Ìrìn kan ṣoṣo ló ń rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ara rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹrù ló ń ṣiṣẹ́ fún.

Ẹ wá wo ọmọ tó ń ṣeré. Ó ń sáré títí èémí rẹ̀ fi ń yára, ọkàn rẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ń lágbára sí i. Ó ń fò, fífò náà sì ń mú kí eegun rẹ̀ ki. Ó ń yí padà lójijì, ó ń há bọ́ọ̀lù, ojú àti ọwọ́ rẹ̀ ń kọ́ láti fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bó bá ṣubú, á dìde, á gbọn eruku dànù, kò sí ẹni tí yóò nà án. Bí wọ́n bá borí rẹ̀, á mọ̀ pé ẹni tí a borí kò kú. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á dúró. Ọmọ náà ló ni ara rẹ̀ fún wákàtí kan yẹn. Iṣẹ́ ń kọ́ ọmọ bí yóò ṣe wúlò fún wa. Ohun rere ni, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n eré ló ń kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbé inú ara tí Ọlọ́run fún un.

Ẹ̀rí mi lórí èyí, lára èmi fúnra mi ló wà. Nígbà tí mo pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, orí fífọ́ kò jẹ́ kí n sùn mọ́. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ní ó ti ru. Ó fún mi lóògùn, ó sì ní kí n máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Mo ní, “Dókítà, láti ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń rìn.” Ó ní, “Màmá, ẹ̀ ń ru ẹrù ni. Lẹ́yìn èyí, ẹ jókòó sí ìsọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Èyí tí mo wí yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ máa rìn ín, ẹ má gbé nǹkan kan dání.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, mo dorí kọ ọ̀nà Mápó. Ẹ̀yin ará, n kò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ mi sí. Orí mi fúyẹ́ jù. Nígbà tí mo pàdé ẹni tó mọ̀ mí, tó ní, “Ìyá ẹlẹ́lùbọ́, níbo lẹ ń lọ láàárọ̀ yìí?” ojú tì mí débi pé mo parọ́ pé mo ń lọ bẹ aláìsàn kan wò. Mo ń rìn bí ẹni tó jí nǹkan. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ọmọ mi. Ìtìjú tí mo fi gbígbá etí kọ́ ọ, òun náà ni mo ti gbé lọ́rùn láti kékeré, tí n kò mọ̀.

ÀWỌN TÓ ṢÁÁJÚ WA MỌ̀ Ọ́N

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò mọ iṣẹ́. Wọ́n mọ iṣẹ́ jù wá lọ. Síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ọmọdé gbọ́dọ̀ ṣeré. Bí oko bá ti tán, tí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọ á jáde sí àárín agbo ilé. Àwọn kan á máa ṣe bojúbojú, àwọn kan á di ọwọ́ ara wọn mú yípo, wọn á máa ṣe ẹkùn mẹ́ran, àwọn ọmọkùnrin á máa ja ìjàkadì, àwọn ọmọbìnrin á máa ṣe tẹ́ńtẹ́ń. Àwọn àgbà á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọn á máa ta ayò, wọn á sì máa fi ojú kan ṣọ́ wọn. Kò sí ẹni tó pè é ní eré ìdárayá. Kò sí ẹni tó gbé ife wá. Bẹ́ẹ̀ ni ara gbogbo ọmọ inú agbo ilé sì ń dá ṣáṣá.

Kín ló wá ṣẹlẹ̀? Ilé kún. Ọmọ bí ọmọ, oníkálukú fẹ́ ní yàrá tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ilé sí ojú àgbàlá. Ẹ wọ agbo ilé mélòó kan ní Bẹẹrẹ tàbí ní ẹ̀yìn Ọjà'ba lónìí, kí ẹ wá ibi tí ọmọ mẹ́wàá lè ti di ọwọ́ mú yípo. Ojú títì sì ti di ti ọkọ̀ Micra àti ọ̀kadà. Lóòótọ́, ìlú Ìbàdàn ní pápá ìṣeré ńláńlá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ìgbà Awólọ́wọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ Liberty Stadium tí wọ́n ṣí ní 1960, tí wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 2010. Wọ́n tún ṣí ti Adámásingbà, tó ń jẹ́ Lekan Salami, ní 1988. Àmọ́ pápá tí a ti ń wo ẹlòmíràn ni wọ́n. Ọmọ Bẹyẹrunka kò lè sáré lọ síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn ọmọ ló ń ṣọ̀lẹ, ẹ jáde ní ọjọ́ ìdìbò. Ọjọ́ tí ìjọba bá ti ní kí ọkọ̀ má rìn, kí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tó lù, wọ́n ti fi òkúta ṣe góòlù sí àárín títì. Bọ́ọ̀lù fẹlẹfẹ́lẹ́ á máa fò láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Àyè ni wọn kò ní, àti ìyọ̀ǹda.

Ti ìyọ̀ǹda yìí ló ń dùn mí, nítorí ọwọ́ àwa ìyá ló wà. Ọmọ ẹni tó ní owó díẹ̀ ń lọ sí lẹ́sìn lẹ́yìn ilé-ìwé, bó bá dé, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ló kàn. Ọmọ ẹni tí kò lówó ń kiri. Ọ̀kan jókòó jù, èkejì ru ẹrù jù. Bísíkíìtì àti mínírà sì ni a fi ń tu àwọn méjèèjì nínú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó kéré tán, wákàtí kan lójúmọ́ ló yẹ kí ọmọ tó wà láàárín ọdún 5 sí 17 máa fi ṣe ohun tó ń mú èémí yára. Nígbà tí wọ́n gbé ìwádìí wọn jáde ní 2019 lórí àwọn ọmọ ilé-ìwé láti ọdún 11 sí 17 ní orílẹ̀-èdè 146, wọ́n rí i pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, 81 ni kò ṣe tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn ọmọkùnrin, 78 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Nínú àwọn ọmọbìnrin, 85. Káàkiri ayé nìyẹn o. Níbi tó pọ̀ jù, ọmọbìnrin ni a kọ́kọ́ máa ń dá jókòó.

ỌMỌ TÓ GBẸ̀YÌN

Ní báyìí, àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń gbìyànjú. Àwọn ilé-ìwé ní íńtà-háòsì wọn, àwọn àdúgbò mìíràn náà ń ṣètò ọjọ́ eré fún àwọn ọmọ. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n mo lọ sí ọ̀kan, mo sì fẹ́ sọ ohun tí mo rí.

Wọ́n ta àtíbàbà. Wọ́n yan alága, wọ́n yan ìyá ọjọ́. Ìrẹsì wà, ẹran adìyẹ wà, ike omi tí wọ́n tẹ orúkọ sí lára wà. Mo ka àwọn ọmọ tó sáré: wọn kò pé ogójì. Àwọn ọmọ tó jókòó sínú oòrùn láti pàtẹ́wọ́ lé ní igba. Ara àwọn tó ti yá tẹ́lẹ̀ la tún ń mú yá sí i. Àwọn tó nílò eré náà jù, a sọ wọ́n di òǹwòran.

Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó sanra díẹ̀. N kò mọ bó ṣe dé orí ìlà, bóyá ẹnì kan ni kò wá tí wọ́n fi í dípò rẹ̀. Nígbà tí àwọn yòókù ti parí, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì. Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání sọ ọ̀rọ̀ àwàdà kan nípa àmàlà. Ọmọ náà dúró, ó wò yíká, ó sì rìn kúrò lójú pápá. Obìnrin tó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi fa gèlè rẹ̀ wálẹ̀ bo ojú. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé òun ló bí i. Èmi náà ti rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ará. Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu mi nígbà tí mo rí i.

Kín ni a kọ́ ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà? A kọ́ ọ pé ohun ìtìjú ni ara rẹ̀, kó má tún gbé e jáde mọ́. Ọjọ́ tí a ní a fi ń ṣe ìlera, a fi jí ìlera ọmọ kan lọ. Bí ẹ bá ń wá olè, ẹ wò wá.

Àwọn kan á ní, bí a kò bá yan àwọn tó yára, báwo la ṣe máa rí àwọn tí yóò gbé orúkọ wa ga? Wọ́n á dárúkọ Shooting Stars ti Ìbàdàn níbí, tó gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní 1976. Wọ́n á dárúkọ Rashidi Yekini, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà, tó sì jẹ góòlù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú Ife Àgbáyé ní 1994. Wọ́n á dárúkọ Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó sá eré ọlọ́gbà ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní oṣù keje 2022, tí kò sí obìnrin kankan tó tíì sá a báyẹn rí ṣáájú rẹ̀. Tìṣẹ́ ni àwọn òbí rẹ̀ méjèèjì, òun fúnra rẹ̀ sì ti sọ pé bàbá òun kò fẹ́ eré sísá yìí ní ìbẹ̀rẹ̀, pé ó tilẹ̀ dáná sun àwọn ohun eré òun, ìyá òun ló ń bá òun bò ó. Inú mi dùn sí ìyá yẹn. Mo sì mọ irú ìyá tí èmi jẹ́.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ronú. Bó bá jẹ́ pé nítorí kí ọmọ lè di Yekini la ṣe ń jẹ́ kó ṣeré, a jẹ́ pé ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá kò ní ìdí kankan láti ṣeré. Ṣé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe ìwé? A ń kọ́ gbogbo ọmọ ní A, B, D. Kò sí olùkọ́ tó ń lé ọmọ kúrò ní kíláàsì nítorí pé kò lè di Ṣóyínká. A mọ̀ pé ìwé dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n díẹ̀, ó sì dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eré. Ẹ̀tọ́ ọmọ ni, kì í ṣe ẹ̀bùn fún ẹni tó yára. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí ilẹ̀ wa ṣe ní 2003 náà kà á mọ́ ẹ̀tọ́ ọmọ, pé kó sinmi, kó sì ṣeré. Kí òfin yẹn tó dé, wòlíì Sekaráyà ti rí i. Nínú orí kẹjọ ìwé rẹ̀, nígbà tó fẹ́ júwe ìlú tí àlàáfíà ti padà sí, àwọn arúgbó tó di ọ̀pá mú ló rí ní ìgboro, àti ọmọkùnrin pẹ̀lú ọmọbìnrin tó ń ṣeré níbẹ̀. Kò sọ pé àwọn tó yára nínú wọn.

BÁWO LA Ó ṢE ṢE É?

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ tí mo rò pé ó wà ní agbára wa.

Èkíní, kí gbogbo ọmọ tó bá wá sáré. Kí á pín wọn sí agbo ilé agbo ilé, kí á sì fún agbo ilé ní máàkì gẹ́gẹ́ bí iye ọmọ rẹ̀ tó parí eré, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ dé nìkan. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tó gbẹ̀yìn ni gbogbo agbo ilé yóò máa pariwo fún pé kó má dúró. Kí á fi fífa okùn kún un, àti súwè, àti tẹ́ńtẹ́ń, kí ẹni tí eré sísá kò bá lára mu lè rí èyí tó bá a mu. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé náà lè ju bọ́ọ̀lù sínú agbọ̀n.

Èkejì, kí á má sọ ọ́ di ti ọjọ́ kan lọ́dún. Ọjọ́ kan kò lè mú ara yá. Òwúrọ̀ Sátidé, aago méje sí mẹ́sàn-án, kí oòrùn tó mú. Ọjọ́ yẹn kò dí àwa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kò dí àwọn aládùúgbò wa tó ń kírun lọ́wọ́, nítorí agbo ilé kan náà ni àwa àti wọn ń gbé. Kí á bẹ ọ̀gá ilé-ìwé tó bá ní pápá. Bí kò bá sí, kí àgbàlagbà méjì di okùn mú ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò tí ọkọ̀ kì í pọ̀ sí.

Ẹ̀kẹta, ti aṣọ kò gbọdọ̀ dí ọmọbìnrin lọ́wọ́. Ṣòkòtò gígùn àti ẹ̀wù tó bo ara dáadáa tó, ẹni tó fẹ́ borí kó borí. A kò ní tìtorí aṣọ sọ ọmọ di aláìlẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí omi wà, kí ìbòòji wà. Kí á béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ bóyá ó ní àìsàn ásímà tàbí fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn wọ̀nyí náà lè ṣeré, ṣùgbọ́n kí dókítà wọn mọ̀ sí i, kí wọ́n máa sinmi léraléra, kí wọ́n máa mu omi dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú wọn sá títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Dípò mínírà, ẹ jẹ́ kí á se mọ́ínmọ́ín, kí á sì bó ọsàn.

Èyí tó kù ló le jù. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí ní ọjà, opó kan tó ń ta ata ní ìsọ̀ kejì sí mi wò mí. Ó ní, “Ìyá, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti yó. Bí ọmọ mi kò bá kiri ní Sátidé, kín la ó jẹ ní Sọ́ńdè?” N kò lè dá a lóhùn pẹ̀lú òfin. Lóòótọ́, òfin 2003 yẹn kan náà sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọmọ kiri ọjà ní ojú títì. Ṣùgbọ́n òfin kì í se ọbẹ̀. Bí a bá ní kí obìnrin yìí fún ọmọ rẹ̀ ní wákàtí méjì, owó rẹ̀ la ní kó fi sílẹ̀. Ta ni yóò san án?

Mo rò pé àwa ni. Bí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin bá lè dá owó fún àtíbàbà àti ìrẹsì, a lè dá owó ra ọjà orí igbá. Kí ọmọ tó ń kiri wá pẹ̀lú igbá rẹ̀ ní aago méje. Kí á ra ohun tó wà nínú rẹ̀, kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́ bí eré bá parí. Owó ìyá rẹ̀ á pé, òun náà á sáré. Ọmọ mélòó ló wà ní ẹ̀gbẹ́ wa tó ń kiri? Wọn kò pọ̀ ju èyí tí a lè kà. Ohun tí á ná wa kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá ẹ̀ẹ̀kan.

Ní ọdún tó kọjá, mo pe ọmọbìnrin mi yẹn, tó ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, mo ní kó dárí jì mí nítorí ọjọ́ tí mo gbá a létí lójú ọ̀nà Mápó. Ó ní, “Màámi, mo ti gbàgbé ìgbátí yẹn.” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ṣùgbọ́n mi ò tún bá wọn sá a mọ́ láti ọjọ́ náà.”

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ yẹn kò jí nǹkan kan. Èmi ni mo jí. Kí Ọlọ́run dárí ji àwa òbí. Kí ó dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó fún wọn ní ara líle àti ẹ̀mí gígùn, kí ó sì fún wa ní ọkàn tí yóò máa fún wọn ní ohun tó jẹ́ tiwọn. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí ọmọ yín tó ń sáré bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ òní, tí eruku bò ó, tó ń rẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ fún un ní omi mu.